Lápò àti lápó: ṣé lóòótọ́ ni ewì Yorùbá ò ní adùn torí kò ní ráìmù?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo wà ní yíà kejì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń ṣe. Wọ́n kó orúkọ ọnà èdè fún wa rẹpẹtẹ, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo há gbogbo ẹ̀ sórí, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ewì síwájú mi báyìí, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì tún ní ewì Yorùbá ò tiẹ̀ ní ráìmù bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n ń fi ohùn gbé ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé."

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè dípò kó o kàn há a kó o sì gbàgbé ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, torí tíyẹn bá ti yé ẹ, ìdajì ìbéèrè tìẹ náà ti yanjú nìyẹn.

Òótọ́ ló sọ pé ewì wa kì í wá ráìmù, ìyẹn kí ìparí àwọn ìlà máa dún bákan náà. Àmọ́ kì í ṣe pé àwọn bàbá wa ò lè ṣe é, ó rọrùn jù ni. Wò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá pátá ló ń parí sórí fáwẹ́lì, bí kì í bá ṣe èyí tí à ń fẹnu nìkan pè, á jẹ́ èyí tí à ń ránmú pè. Àwọn àìránmúpè ò ju méje lọ, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àwọn àránmúpè ò sì ju márùn-ún lọ. Ìyá tó ń na ọjà lóríi tòmátì, tó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá, méjì mẹ́ta nínú ẹ̀ á ti parí sórí fáwẹ́lì kan náà láìjẹ́ pé ó rò ó rárá. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ráìmù kiri, kọ́ńsónáǹtì ló kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mọ́ wọn tí wọ́n bá rí i. Àwa ò wá a, ilẹ̀ la ti ń ṣa á. Ohun téèyàn ń ṣa nílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kò ní fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sọ́rùn. Ohun tí akéwì tiwa ń ṣọ́ ni ohùn, dò re mí tó ò ń gbé lórí ọ̀rọ̀ láti kékeré láìmọ̀ pé ò ń gbé nǹkan.

Mú òwe yìí, mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ rí:

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò,
Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Má tíì wá orúkọ ọnà èdè kankan o. Pè é síta. Pè é lẹ́ẹ̀kejì, kó o fetí sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ṣé o gbọ́ nǹkan? Ìlà méjèèjì, egungun kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ báyìí ní í yọ báyìí níbi báyìí. "Rere" kúrò, "búburú" wọlé. "Obì" kúrò, "ọfà" wọlé. Tó bá wá dé ẹ̀yìn, kò sí kọ́ńsónáǹtì tó yí padà, kò sí fáwẹ́lì tó yí padà, ohùn orí sílébù kan ṣoṣo ló gbéra nílẹ̀ tó lọ sókè. Ọ̀kan lápò, ìyẹn àpò tí èèyàn ń kó nǹkan sí. Ọ̀kan lápó, apó tí ọdẹ àti jagunjagun ń kó ọfà sí. Kódà sọ ọ́ ní dò re mí, kó o rí i: "yọ obì lápò" jẹ́ re, re-dò, mí-dò. "Yọ ọfà lápó" jẹ́ re, re-dò, mí-mí. Obì àti ọfà gan-an, ohùn kan náà ni wọ́n ní! Àfi ìgbà tó kan sílébù tó kẹ́yìn ni ọ̀nà wọn tó yà. Tó o bá ní kí onígángan fi ìlù sọ ọ́, ìlù tí kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan lára, wàá gbọ́ bí apá ìparí yẹn ṣe máa bá ara wọn rìn títí dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ti àkọ́kọ́ wálẹ̀, kí ti èkejì dúró sókè.

Wá wo ohun tíyẹn ń ṣe nínú ìtumọ̀. Obì la fi ń gba àlejò, òun la fi ń parí ìjà, òun la fi ń wúre. Ọfà, o mọ iṣẹ́ tiẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló ń wọ inú nǹkan lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì tó ń yọ nǹkan jáde, ẹni tó o bá sọ̀rọ̀ sí kò tíì mọ èyí tóun máa yọ títí o fi máa sọ ọ́ tán. Òwe yẹn ò kàn sọ fún ẹ pé láàárín àlàáfíà àti ogun ò jìnnà, ó fi ẹnu ẹ gan-an ṣe é, ó jẹ́ kí ahọ́n ẹ rìn ín, ohùn kan péré ló sì wà láàárín méjèèjì. Ráìmù wo ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Ìfohùngbohùn ni wọ́n máa ń pe eléyìí nínú nóòtì wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa nínú ìwé tó kọ lórí ewì alohùn lọ́dún 1984, tó o bá rí i ní láíbìrì kà á, má wo ti pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Bí ìlà méjèèjì ṣe bára dọ́gba náà, ọnà èdè ni. "Ọ̀rọ̀ ní í yọ" tó tún padà wá, àwítúnwí nìyẹn. Ṣó o rí i, a ti rí ọnà èdè mẹ́ta nínú ìlà méjì láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ mú orúkọ wọn dání wá. Ibi tí ìṣòro ẹ wà gan-an nìyẹn. Orúkọ lo kọ́kọ́ gbé dání, o wá ń wá ẹni tó o máa fi jẹ́. Gbọ́ nǹkan náà ná, béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, orúkọ á wá fúnra ẹ̀.

Mo fẹ́ kó o padà sí àlọ́ àpamọ̀ torí ibẹ̀ làwọn àgbà ti kọ́ wa ní ẹlẹ́lọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù. Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Kí ni o? Omorogùn. Fojú inú wo ìkòkò ọkà lórí iná, omi ti ń hó, ìyá fẹ́ da èlùbọ́ sí i, ó na ọwọ́ mú omorogùn ó tì í bọ inú omi gbígbóná tí ẹlòmíì ò lè fi ìka kàn. Ìkòkò ti di òkun. Kò sọ pé ìkòkò dà bí òkun, kò tiẹ̀ dárúkọ ìkòkò rárá, ó kàn gbé òkun sórí ààrò. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, ohun kan ti bọ́ sí ipò ohun kejì pátápátá. Tó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ ní "omi ìkòkò ń hó bí òkun," "bí" yẹn ti jẹ́wọ́ pé nǹkan méjì la ní, àfiwé tààrà nìyẹn. Bí, dà bí, jọ, tó, ju, tó o bá ti rí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé nǹkan méjì wọn ara wọn, tààrà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlàyé gígùn dẹ́rù bà ẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe pé èyí kàn jẹ́ àpèlé fún ìkejì o. Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà, baba ni jígí, ọjọ́ tí ìyá bá kú ni wúrà bàjẹ́, ọjọ́ tí baba bá kú ni jígí wọmi. Dán an wò kó o fi "dà bí" sí i. Ìyá dà bí wúrà, baba dà bí jígí. Ó ṣì jẹ́ òótọ́, àmọ́ o ò lè wá sọ pé wúrà bàjẹ́ mọ́, torí wúrà ò sí níbẹ̀, ohun tó jọ wúrà ló wà níbẹ̀. Torí pé ó ti sọ pé ìyá *ni* wúrà, ikú wá dé, ó bá wúrà lọ́wọ́ ẹni, ó bà á jẹ́. Jígí tó wọmi yẹn sì máa ń ká mi lára títí dòní, torí jígí lèèyàn fi ń wo ara ẹ̀, tó bá ti wọnú omi lọ, ta ló máa fi ojú ẹ hàn ẹ́ mọ́?

Ó yá, àlọ́ mìíràn. Ó kọjá lójúde ọba, kò kí ọba. Àgbàrá òjò ni. Àgbàrá ò ní eékún tó máa fi kúnlẹ̀, kò ní àyà tó máa fi dọ̀bálẹ̀, àmọ́ àlọ́ yẹn ti fún un ní méjèèjì kó tó wá fẹ̀sùn kàn án pé kò lò wọ́n. Èèyàn nìkan ló lè rí ọba fín. Ìfohunpènìyàn nìyẹn, ẹ̀ka ẹlẹ́lọ̀ọ́ náà sì ni, ohun tí a yá ló kàn jẹ́ ìwà ọmọ èèyàn. Wá padà wo omorogùn wa, "ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," igi tó di ọmọ aláìgbọràn. O rí i pé àlọ́ kan náà ló ní ẹlẹ́lọ̀ọ́ tó tún ní ìfohunpènìyàn. Tí wọ́n bá wá ní kó o mú ọ̀kan nínú ìdánwò, mú èyí tó o lè fi gbólóhùn méjì sọ iṣẹ́ ẹ̀.

Èyí rán mi létí nǹkan kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń mákì ìwé ìdánwò Yorùbá, àìmọye ìgbà ni mo sì ti rí i táwọn ọmọ kọ "ebi ń pa mí" sílẹ̀ pé ìfohunpènìyàn ni torí pé èèyàn ló ń pa èèyàn. Mi ò lè fún wọn ní mákì níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí torí pé wọ́n ronú kí wọ́n tó kọ ọ́. Ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, orí ń fọ́ mi, oorun ń kùn mí, bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ Yorùbá máa gbà sọ ọ́. Ọnà ni ohun tí akéwì fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́. Àmọ́ akéwì lè bá ebi tó ti sùn sínú èdè yẹn, kó jí i dìde:

Ebi kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀,
Mo ní kó jókòó, ó lóun ò jókòó,
Ó ní kí n wọ bàtà kí n máa bá òun ká lọ.

Báyìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di èèyàn. Ó ní ọwọ́ tó fi kan ilẹ̀kùn, ó lẹ́nu, ó tún ń pàṣẹ.

Ìfọ̀rọ̀dárà ńkọ́? Ibi tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù ni inú ọfọ̀. "Ohun tí a bá wí f'ọ́gbọ́ l'ọgbọ́ ń gbọ́, ohun tí a bá wí f'ọ́gbà l'ọgbà ń gbà." Ewé ni ọgbọ́, ewé ni ọgbà. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ yẹn kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré rárá, ẹjọ́ ló ń rò. Ó ń sọ fún ewé pé orúkọ ẹ̀ ti jẹ́rìí sí i, ọgbọ́ lorúkọ ẹ, nítorí náà gbígbọ́ niṣẹ́ ẹ, o ò lè kọ̀ kó o má gbọ́. Bákan náà ni "tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́," tẹ̀tẹ̀ tí à ń sè jẹ yẹn náà, dò-dò lorúkọ ẹ̀, ìtìjú ni tẹ́ tó wà lókè, ohùn ló fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tí ìtìjú ò fi lè bá a. Ẹni tó ń wúre fún ọmọ ẹ̀ kó tó lọ fún ìntáfíù lè lò ó. Wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló ní ọpọlọ" táwọn ọmọdé fi ń dán ahọ́n wò. Orúkọ kan náà ni nóòtì ẹ máa fún wọn, ìfọ̀rọ̀dárà. Àmọ́ ọ̀kan ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń pàṣẹ fún ewé. Tó o bá kọ "ìfọ̀rọ̀dárà ni" tó o sì dákẹ́, o ò tíì sọ nǹkan kan.

Àsọdùn ò le, ẹni tó ní òun sunkún títí omijé òun gbé ọkọ̀, o mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè pèsìjẹ náà, ìbéèrè tí akéwì ò retí èsì ẹ̀ ni, irú èyí tí mo bi ẹ́ lórí jígí lẹ́ẹ̀kan. Àdàpè ni kó o ṣọ́ra fún, torí ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ló bí i. Ọba wàjà, erin wó, ejò tó di okùn ilẹ̀ tó bá ti di alẹ́. Ẹni tí kò bá mọ àṣà á rò pé ẹlẹ́lọ̀ọ́ lásán ni, kò ní mọ̀ pé ẹnu ló ń sá fún orúkọ yẹn.

Ìfìrómọ̀rísí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìró ẹ̀ fúnra ẹ̀ ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn, tún dá wa padà sórí ohùn. Bọ́ọ̀lù kékeré rí róbótó, ìkòkò ńlá rí ròbòtò. Lẹ́tà kan náà ni, tó bá kéré ohùn lọ sókè, tó bá tóbi ohùn wálẹ̀. Tí akéwì bá sọ pé olówó kan dé pẹ̀lú ikùn ròbòtò, kò nílò láti tún sọ pé ikùn náà tóbi.

Ti àwítúnwí ló kù tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun làwọn ọmọ máa ń kọ pé "ó wà fún ìtẹnumọ́" tí wọ́n á sì kọjá lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo tẹ̀ lé ìyàwó kan tó ń sun ẹkún ìyàwó kiri ilé nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n sìn ín lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yí i ká. Tó bá dé iwájú ìyá ẹ̀, á pe ìyá ẹ̀, á tún un pè, á tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹta yìí ohùn ẹ̀ á ti fọ́. Mo wá dàgbà kó tó yé mi pé yàtọ̀ sí ẹkún, ọmọbìnrin yẹn ò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Bó ṣe ń pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn, ó ń mí, ó ń wá ìlà tó kàn látinú orí ẹ̀, ó sì ń fún àwọn elégbè láyè láti wọlé. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ewì àpilẹ̀kọ, tí ẹni tó kọ ọ́ jókòó ti tábìlì, àwítúnwí ò ní iṣẹ́ èémí yẹn mọ́, o gbọ́dọ̀ béèrè iṣẹ́ mìíràn tó fi sí i níbẹ̀.

Èyí náà ló jẹ́ kí n máa bínú tí wọ́n bá ní "ka ìjálá." A kì í ka ìjálá. Ìjálá là ń sun, rárà là ń sun, oríkì là ń ki, ọfọ̀ là ń pè, iwì là ń ké, àlọ́ là ń pa, orin là ń kọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyẹn gan-an ni orúkọ iṣẹ́ ọnà tó wà fún àwa kí yunifásítì tó dé, wọ́n sọ irú ohùn tó yẹ kó o gbé, wọ́n sọ ẹni tó ni ín, torí ọdẹ ló ń sun ìjálá fún Ògún, ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléégún, ló ń ké iwì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìjálá ní 1966, ẹnu àwọn ọdẹ ló lọ gbọ́ ọ. Ìwọ náà, kó o tó kọ nǹkan kan nípa ewì, wá ẹni tó lè pè é síta fún ẹ, tí kò bá sí, fi ohùn ara ẹ pè é.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó o má fi ṣeré, àmì ohùn. Mo mọ̀ pé lórí fóònù ó ń gba àkókò, èmi náà ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Tó o bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ pé o ti dé ilé, fi sílẹ̀ bó o ṣe fẹ́. Tó bá jẹ́ ewì, má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre.

Ní ti ọmọ kíláàsì yín, má bá a jiyàn. Já bébà kan, kọ òwe obì àti ọfà yẹn sí i láìfi àmì kankan sórí ẹ̀, "lapo" lókè, "lapo" nísàlẹ̀, ní kó kà á síta fún ẹ. Ẹnu ẹ̀ á fi àmì sí i fúnra ẹ̀, àkọ́kọ́ á wálẹ̀, èkejì á lọ sókè. Wá bi í pé ta ló kọ́ ọ.